Ákítọ̀ Kì í Kú, Ta Ló Wá Ń Kú?

Ẹ má bínú pé n kò mú ewì wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìsinmi tó kọjá ni mo fi wo gbogbo fíìmù James Bond tí ilé-iṣẹ́ Eon ṣe láti Dr. No ti 1962 títí dé No Time to Die ti 2021. 25 ni wọ́n. N kò ka Never Say Never Again ti 1983 mọ́ wọn, torí ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Bí iná bá lọ, a ó dúró. Bó bá dé, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti wo púpọ̀ nínú wọn ní kékeré, àmọ́ ojú tí mo fi wò wọ́n nígbà náà kọ́ ni mo fi wò wọ́n báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé rúùmù, tí a sì jọ wò wọ́n, ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: mọ́tò, ìjà, àti ẹ̀rọ tí Q bá kó lé Bond lọ́wọ́. Goldfinger (1964) ló fi ṣe ìkínní, nítorí Aston Martin tó ń yìnbọn, tí ìjókòó rẹ̀ sì ń ju èèyàn síta. Èmi ṣá, ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ ní kékeré ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ rántí pé bí a bá ń wo fíìmù nígbà náà, tí ẹ̀rù wá ń ba ọmọdé kan, àwọn ẹ̀gbọ́n á ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre, ákítọ̀ kì í kú." Òótọ́ ni. Ẹgbẹ̀rún ọta ìbọn kò ní ba ákítọ̀. Àmọ́ ẹnìkan ṣáà ń kú. Nítorí náà, bí fíìmù kọ̀ọ̀kan bá ti parí, ìbéèrè méjì ni mo ń bi í: ta ló kú kí ákítọ̀ má baà kú? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Die Another Day (2002) ló gbẹ́yìn pátápátá. Bond wa mọ́tò tí ojú kò lè rí, ó tún gun ìgbì òkun bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Bí kò bá sí ohun tó lè pa á lára, ẹ̀rù kí ni kó wá bà mí? Moonraker (1979) ló wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí Star Wars pa owó rẹpẹtẹ ní 1977 ni wọ́n sáré gbé Bond náà lọ sójú sánmà. Nínú rẹ̀, wọ́n dẹ ajá sí Corinne, ọmọbìnrin tó ran Bond lọ́wọ́, nínú igbó. Ajá pa á. Kí a tó ṣẹ́jú, a ti bá Bond ní Venice, ó ń gbafẹ́ kiri. Ẹni ó kú ni tiẹ̀ gbé, àbí?

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni Dr. No. Fíìmù tó dára ni, Sean Connery sì gbayì nínú rẹ̀. Jàmáíkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹwàá 1962 ló jáde ní London, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí Jàmáíkà gba òmìnira. Quarrel, apẹja aláwọ̀ dúdú kan, ló fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé Bond lọ sí erékùṣù Dr. No. Níbẹ̀, Bond ní kó lọ gbé bàtà òun wá, bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀. Kò pẹ́ sí i, àwọn ọmọ Dr. No fi iná jó Quarrel pa. Ká má purọ́ mọ́ Bond, ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nídìí tábìlì oúnjẹ Dr. No. Gbólóhùn kan ni, ó sì tán. Nígbà tí fíìmù fi máa parí, ọmọge ló wà láyà rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ipò 17.

Ó wá di Live and Let Die (1973), fíìmù àkọ́kọ́ tí Roger Moore ṣe. Ta la tún rí? Quarrel Kékeré, ọmọ Quarrel! Òun náà ń wa ọkọ̀ ojú omi fún Bond. Mo jókòó dáadáa, mo ń retí kí Bond kí i kú ará fẹ́ra kù. Mo retí títí, fíìmù parí. Nínú fíìmù yìí kan náà, ẹ̀sìn vodou, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Benin tó bá wa pààlà, di ohun tí ọ̀daràn fi ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn kí wọ́n má baà sún mọ́ oko oògùn olóró rẹ̀. N kò sọ pé n kò rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fò kọjá lórí títì. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa. Síbẹ̀, ipò 19.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Fíìmù lásán lo ń bá jà yìí." Mo ní kó fara balẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe fíìmù wọ̀nyí mọ bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn Dr. No ni wọ́n ṣe From Russia with Love (1963). Kerim Bey, ará Tọ́kì tó ń ran Bond lọ́wọ́, kú nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ wo ojú Bond nígbà tó rí òkú rẹ̀. Bond fúnra rẹ̀ ló tún sọ fún ọmọ Kerim pé bàbá rẹ̀ ti lọ. Pedro Armendáriz tó ṣe Kerim ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ó sì kú kó tó jáde. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní lè wo ẹ̀rín rẹ̀ láìmí kanlẹ̀. Ipò 3. Ọmọ Kerim rí ẹni tú u nínú, ọmọ Quarrel kò rí. Ohun tí mo ń wí nìyẹn.

Licence to Kill (1989) ni mo fi sí ipò 5: wọ́n pa ìyàwó Felix lálẹ́ ìgbéyàwó wọn, ẹja ekurá sì gé Felix fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bond fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí wọn. Skyfall (2012) wà ní ipò 4. Ọ̀gá rẹ̀, M, kú sí i lọ́wọ́ nínú ilé ìsìn kan ní Scotland, Bond sì sunkún. Ì bá lọ sókè jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Sévérine níwájú rẹ̀, ọtí tó dànù ló fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo yọ máàkì.

Ipò 2 ni On Her Majesty's Secret Service (1969), èyí kan ṣoṣo tí George Lazenby ṣe. Bond gbéyàwó, òdòdó ṣì wà lára mọ́tò wọn nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Tracy. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sọ fún ọlọ́pàá kan pé ó ń sinmi ni. Fíìmù parí síbẹ̀. Kò sí ẹ̀san, kò sí ẹ̀fẹ̀. Ní 1981, nínú For Your Eyes Only, Bond ṣì gbé òdòdó lọ sí sàréè rẹ̀.

Ipò kìíní? Casino Royale (2006). Ikú Vesper nínú omi Venice nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀. Obanno, ọ̀gá ọmọ ogun ọ̀tẹ̀ kan láti Ùgáńdà, bá Bond jà lórí àtẹ̀gùn, Bond sì fún un lọ́rùn pa. Ọ̀tá ni, èèyàn burúkú sì ni. Àmọ́ lẹ́yìn náà, Vesper jókòó sábẹ́ omi nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó ń gbọ̀n. Bond náà jókòó tì í, kò bọ́ aṣọ. Nínú gbogbo fíìmù 25, níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí ikú ọkùnrin dúdú mú ẹnìkan gbọ̀n.

Ẹ ó ní No Time to Die ńkọ́, ṣebí ákítọ̀ kú níbẹ̀? Ó kú lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi pariwo. M, Q, Moneypenny àti Nomi gbé ife ọtí sókè fún un. Nomi, ọmọbìnrin dúdú tí Lashana Lynch ṣe, ọmọ London tí ìdílé rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, ni wọ́n gbé nọ́ńbà 007 fún nígbà tí Bond fẹ̀yìn tì. Kò kú, inú mi sì dùn. Jàmáíkà náà ni Bond fẹ̀yìn tì sí, tó ń pẹja. Ó ń pẹja o! Kò sì dárúkọ apẹja tó kú torí tirẹ̀ níbẹ̀. Ipò 6.

Ní oṣù kejì 2025, wọ́n kéde pé Amazon MGM ni yóò máa darí iṣẹ́ náà. Bond mìíràn yóò dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yóò sì wò ó. N kò ní kí wọ́n má pa ẹnikẹ́ni. Fíìmù amí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pa, kí wọ́n dúró díẹ̀ lórí òkú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà, kó mú bírò. Ààyè wà nínú ìwé wa tó ń bọ̀.