Ìkìlọ̀ Mọ́kànlá, Nọ́ọ̀tù Kan

Iṣẹ́ réwáyà ni mò ń ṣe ní Àgọ́-Àmọ́dù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ká so wáyà mọ́ wáyà, ká fi tépù dúdú wé e, ló tán níbẹ̀. Bí mo bá ní etí ni mo fi ń jẹun ju ọwọ́ lọ, wọn a bú sẹ́rìn-ín.

Lórí Peugeot 504 ni ọ̀gá mi ti kọ́ mi, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975. Iná ìkìlọ̀ iwájú rẹ̀ kò pọ̀. Tí ti cháàjì bá tàn, ọtanẹ́tọ̀ tàbí bẹ́líìtì la máa kọ́kọ́ wò. Tẹ́sítà onígílóòbù kan ti tó wa.

Mọ́tò ìsinsìnyí kì í ní bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀) kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, búréèkì ní tirẹ̀, ẹ́ábáàgì ní tirẹ̀, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra. Bosch ti Jámánì ló gbé ètò yìí jáde ní 1986, CAN lorúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà wá pàṣẹ pé láti ọkọ̀ ọdún 1996, mọ́tò gbọ́dọ̀ ní ojú OBD-II oníhò 16 tí a lè ki síkánà bọ̀. Yúróòpù tẹ̀lé wọn ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Ìyẹn ni tòkunbọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa fi ń fẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dé etí rẹ̀ nìkan ló lè rò.

Ẹ̀gbọ́n kan gbé sípọ́ọ̀tì káà wálé nígbà ọyẹ́: ìjókòó méjì, òrùlé tó ń ká sínú búùtù, ikùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. (Ẹni tó ní kí wọ́n gbé irú rẹ̀ gba ọ̀nà Òkè-Ògùn, ẹnu mi kọ́.) Abẹ́ igi dóńgóyárò ní ilé bàbá wọn ni wọ́n gbé e sí títí òjò fi dé. Ọjọ́ tí wọ́n máa sítáàtì rẹ̀, ó ń fà bí arúgbó tó ń dìde, iwájú rẹ̀ sì tàn bí ọjà alẹ́: búréèkì, ẹ́ábáàgì, sítíárìn, bátìrì.

“Àbúrò, ẹnìkan ti síkáànì ẹ̀. Ó ní kí n lọ ra bíréènì bọ́ọ̀sì búréèkì.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.”

Kóòdù mọ́kànlá ni síkánà kó jáde. Lẹ́tà iwájú ni mo máa ń kà kí n tó ka nọ́ńbà. P ni ti ẹ́ńjìnnì àti gíà, C ni ti búréèkì àti sítíárìn, B ni ti bọ́dì àti inú ọkọ̀, U ni pé ẹnìkan pe ẹnìkejì, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé síbẹ̀. Ojú Ẹ̀gbọ́n fà ro, inú tèmi ń dùn. Bí ọmọ kan bá ń sunkún nínú agboolé, ó lè jẹ́ inú ló ń run ún. Bí gbogbo ọmọ agboolé bá figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, ta ní ń pín oògùn inú rírun? U0121 ní òun kò gbóhùn búréèkì mọ́. P0562, tí ẹni àkọ́kọ́ fojú fò, ní iná tó ń wọlé kò tó. Òun ni mo dì mú.

Mo tú orí bátìrì, mo fi mítà wo ihò 6 àti 14 lójú OBD: 60 ohm. Ó pé, nítorí 120 ohm kan ló wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan wáyà CAN. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ wọn kò já. Kí ló wá ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́?

Mo dá orí bátìrì padà, mo ní kí ọmọọṣẹ́ mi sítáàtì, kó tan iná ńlá àti fáànù. Lórí ọtanẹ́tọ̀, fóòtì 14.3. Lórí bátìrì, tó jókòó nínú búùtù lẹ́yìn, 12.5. Mo gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi èkejì kan irin bọ́dì: 1.8. Kò yẹ kó tó 0.2. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí nọ́ńbà ojú mítà bá ohun tí mo ti ń rò lọ́kàn mu géérégé. Iyán kò dùn tó o, bẹ́ẹ̀ ọmọ Òkè-Ògùn ni mí.

A gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù. Omi! Ewé dóńgóyárò àti eruku pupa ọyẹ́ ti dí ihò tí omi òrùlé ń gbà jáde, òjò wá ń dà sí ìdí bátìrì. Nọ́ọ̀tù tó de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ bọ́dì ti dógùn-ún. Ó le lójú, iná kò rí ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ti sítáàtì, iná á já wálẹ̀, àwọn bíréènì bọ́ọ̀sì á dákú díẹ̀, bí wọ́n bá sì jí, kálukú á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkejì òun ò dáhùn.

Mo fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán, mo dè é padà, mo fi gírísì bò ó, mo fi wáyà tú ihò omi. Mo pa àwọn kóòdù rẹ́. A rọra wakọ̀ dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a padà, iná ìkìlọ̀ kankan kò tàn. 0.06 ni mítà kà. Sípánà nọ́ńbà 13 ni mo fi tú nọ́ọ̀tù náà.