Ẹjọ́ Tí Àwọn Àgbà Ti Mọ̀: Ìwé Moussa Konaté Lójú Ará Kétu

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, apànìyàn nìkan ló mọ ẹni tó pànìyàn. Moussa Konaté, ọmọ Mali tó kú lọ́dún 2013, yí ètò yìí padà nínú L'Empreinte du renard, tí Fayard tẹ̀ jáde ní Faransé lọ́dún 2006. Habib, ọ̀gá ọlọ́pàá tí a ti kọ́kọ́ bá pàdé nínú L'Assassin du Banconi, gbéra láti Bamako pẹ̀lú Sosso ọmọṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń kú ikú àràmàǹdà lábúlé kan nílẹ̀ Dogon. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá ni kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ará Kétu ni ìwé yìí yẹ jù lọ. Ní Kétu, lóru Ẹ̀fẹ̀, kí agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lójúmọmọ, Ẹ̀fẹ̀ akọrin á bọ́ sójú agbo lọ́jà, á máa fi orin tú àṣírí ọ̀daràn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bi í léjọ́ lórí ohun tó bá sọ. Kì í ṣèwádìí. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ ló ń gbé síta, ìtìjú tó sì ń bá ẹni tí orin bá bà ni ìyà rẹ̀. Láti ọdún 2001 tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère orí rẹ̀ ni ayé ń wò. Iṣẹ́ ìdájọ́ yìí ló wú mi lórí jù.

Konaté mọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú àkọlé rẹ̀ ni ti aláyẹ̀wò Dogon, tó ń ya ilà sórí iyanrìn nírọ̀lẹ́, kí ẹranko náà lè tẹ̀ ẹ́ kọjá lóru, kí wọ́n sì ka ipasẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀. Ẹni tó bá ti rí babaláwo tó ń tẹ Ifá sínú ìyẹ̀rosùn kò ní fi í ṣẹ̀sín. Habib náà kò fi í ṣẹ̀sín. Bíi Maigret, ọ̀gá ọlọ́pàá inú ìtàn tí Simenon bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1931, ó máa ń jókòó, á tẹ́tí, á jẹ́ kí ibi tó wà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n Faransé ni Maigret láàárín àwọn Faransé. Àlejò ni Habib nílẹ̀ Dogon, sùúrù rẹ̀ sì níye lórí ju ti Maigret lọ.

Níbi tí ìwé náà ti rọ̀ ni ibi tí Habib ti ń kọ́ Sosso ní ẹ̀kọ́ nípa àṣà. Àwọn àgbà abúlé náà kò nílò alágbàsọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n ń sọ ti tó. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kò jìn sí kòtò yìí nínú Àjà Ló Lẹrù (1969): òwe àti èébú ẹnu Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, gan-an ló ń fi ìlú hàn wá, láìsí àlàyé.

Ó wù mí kí ọmọ Kétu kan kọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá, kó bẹ̀rẹ̀ lóru Ẹ̀fẹ̀: gbogbo ọjà ti gbọ́ orúkọ ọ̀daràn nínú orin, ọlọ́pàá sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń béèrè ẹlẹ́rìí.