Ọ̀sẹ̀ Kan Lẹ́nu Oúnjẹ Ìlú Kánò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Kánò, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwa àti àwọn ọmọ fi jẹun níta, kí a lè sọ ohun tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Máásà ló gba ipò kìíní. Ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀, ni wọ́n ń dà sínú àwo oníkòtò kéékèèké tí wọ́n sì ń yí. Èyí tí a fi ọbẹ̀ elégédé jẹ gbóná, ó rọ̀, inú rẹ̀ jinná. Súyà kò nílò ìròyìn. Kílíṣí dùn, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Miyan kuka ló yà wá lẹ́nu jù. Ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná ni. Ẹ̀yin ará Ṣakí, ṣé kì í ṣe lúrú yín nìyẹn? Àwọn ọmọ wa ń pè é ní ọbẹ̀ Haúsá, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà wọn ń sè é nílé.

Àmàlà tí a jẹ ní Sabon Gari ni ẹjọ́ wà lára rẹ̀. Ó ní kókó, ewédú ń ṣàn bí omi, gbẹ̀gìrì kò sí rárá. Olóúnjẹ, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní àwọn oníbàárà kì í béèrè rẹ̀. Báwo ni ọmọ yóò ṣe béèrè ohun tí kò tọ́ wò rí? Ibi tí a ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 11 tí a bí sí Kánò, ti bi wá pé kí ló ń jẹ́ gbẹ̀gìrì.