Ta ni Onílé? Àyẹ̀wò Òṣùwọ̀n tí a fi ń Díwọ̀n Ìtúpalẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ lórí Omíyalé

1. Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni òṣùwọ̀n tí à ń lò láti fi díwọ̀n ìtúpalẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lórí ìṣòro ilẹ̀ àti àyíká ti òde òní. Ìṣòro kan ṣoṣo ni a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èyí ni omíyalé, nítorí pé ó ṣòro kí a tó rí ọ̀dọ́ kan nínú kíláàsì jọ́gíráfì nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n, yálà ó fojú ara rẹ̀ rí i tàbí ó gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa ń fún iye kókó ní máàkì, kò sì bèèrè bí àwọn kókó náà ṣe so mọ́ ara wọn tàbí bí wọ́n ṣe so mọ́ ibi kan pàtó. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ewu tí ó wà níbẹ̀ kọjá yàrá ìdánwò.

2. Ìdáhùn tí ó bá gbogbo ìlú mu

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: kí ni ó ń fa omíyalé ní ìlú Ìbàdàn? Ìdáhùn tí ó ti mọ́ olùkọ́ lójú ni èyí: òjò àrọ̀rọ̀dá, dída pàǹtí sójú àgbàrá, kíkọ́ ilé sí etí odò, àìsí gọ́tà tí ó tó. Kókó mẹ́rin nìyí, máàkì mẹ́rin náà sì ni. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá pa orúkọ Ìbàdàn rẹ́, tí a fi Èkó tàbí Lọ́kọ́jà tàbí Màídúgùrì rọ́pò rẹ̀, ìdáhùn náà kò ní yí padà rárá. Ìdáhùn tí ó bá gbogbo ìlú mu kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìlú kankan.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá etí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 100. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú kan náà, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì tún lé ní 100. Lójú ẹni tí ń ka kókó, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni wọ́n. Lójú ẹni tí ń ka ilẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti 1980 jẹ́ ọ̀ràn odò Ògùnpa, tí ó gba àárín ìlú kọjá láàrin ilé àti ọjà. Ti 2011 nasẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: odò Ọnà wà nínú rẹ̀, omi sì kún kọjá agbára ìsédò Ẹlẹ́yẹlé tí ó ti wà láti ọdún 1942. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ìdáhùn kan ṣoṣo bo méjèèjì kò tíì túpalẹ̀ ọ̀kankan.

Bí a bá kúrò ní Ìbàdàn lọ sí etí odò Bẹ́núé, àléébù ìdáhùn náà tún hàn sí i. Omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé. Ti 2022 pa ju 600 lọ. Òjò kó ipa tirẹ̀ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n lára omi tí ó ṣàn wọ Adámáwá, Bẹ́núé àti Kogí ni èyí tí a tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù. Ìsédò tí ó yẹ kí Nàìjíríà fi gba omi náà dúró ní Dasin Hausa kò tíì parí nígbà tí omi 2022 dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ni ó ya tí omi fi bo Màídúgùrì. Kí ni pàǹtí inú gọ́tà fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín?

3. Òwe gẹ́gẹ́ bí ìtúpalẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ní gbólóhùn kan, òwe yìí ti ṣe ohun tí àtòjọ kókó mẹ́rin kò ṣe. Ó dárúkọ omi, ó dárúkọ onílé, ó sì fi ìjàkadì sáàrin wọn: omi ní ipá, onílé ní ojúṣe. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gba òwe náà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni onílé? Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹni tí ó kọ́ ilé ni ó mọ ibi tí àgbàrá ń gbà, òun náà ni ó sì ń la ojú rẹ̀. Ní ìlú òde òní, ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí omi ń lé jáde. Ẹlòmíràn ni ó ta ilẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó buwọ́ lu pláànù, ẹni tí ń ṣí ìsédò sì lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi òwe yìí ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀ kò tíì ṣe ìtúpalẹ̀. Èyí tí ó bi òwe náà léèrè pé ta ni onílé ti bẹ̀rẹ̀.

4. Òṣùwọ̀n Biggs àti Collis

Lára àwọn ìlànà tí a lè fi yanjú ìṣòro yìí ni èyí tí John Biggs àti Kevin Collis gbé jáde ní ọdún 1982. Wọ́n pín ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele márùn-ún: èyí tí kò kan ìbéèrè rárá; èyí tí ó di kókó kan mú; èyí tí ó kó kókó púpọ̀ jọ láìso wọ́n pọ̀; èyí tí ó so wọ́n pọ̀; àti èyí tí ó gbé ìmọ̀ náà kọjá ìbéèrè lọ síbòmíràn. Ìlànà yìí wúlò, nítorí pé ó jẹ́ kí a rí i pé ìdáhùn kókó mẹ́rin tí à ń fún ní máàkì kíkún kò kọjá ìpele kẹta.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà kò bèèrè ibi. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wí pé pàǹtí dí gọ́tà, gọ́tà tí ó dí kò jẹ́ kí omi ṣàn, omi tí kò ṣàn ni ó wọlé. Ó ti so kókó pọ̀, ó ti dé ìpele kẹrin, síbẹ̀ a kò mọ odò tí ó ń sọ tàbí ìhà tí ilẹ̀ dà sí. Ìdánwò WAEC pàápàá dá kún èyí: máàpù kíkà wà nínú bébà kan, àròkọ lórí Nàìjíríà sì wà nínú òmíràn. Ohun tí ọmọ fi ojú kọ́ lórí máàpù, a kì í bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé ìṣòro.

5. Ọ̀ràn èdè

Èdè tí a fi ń dáhùn kò ṣe é yọ sílẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lò fún gbogbo rẹ̀. Ní Yorùbá, àgbàrá ni omi òjò tí ń wọ́ lórí ilẹ̀. Kíkún odò ni ti omi tí ó kọjá etí rẹ̀. Omíyalé ni ohun tí ó bá ènìyàn nínú ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ní láti yan ọ̀kan, yíyàn náà sì jẹ́ ìgbésẹ̀ kìíní nínú ìtúpalẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. A kò wí pé èdè nìkan tó: ẹni tí ó há kókó mẹ́rin sórí ní Gẹ̀ẹ́sì lè há wọn sórí ní Yorùbá pẹ̀lú.

6. Àtakò

Àwọn kan yóò wí pé kíka kókó ni ó bá òdodo mu jù, pé olùkọ́ tí ìwé ìdánwò kún iwájú rẹ̀ kò ní àyè láti máa wọn ìtúpalẹ̀, àti pé olùyẹ̀wò méjì lè fún ìdáhùn kan ní máàkì tí ó yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, a kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan olùyẹ̀wò lórí ohun tí kò yẹ ní wíwọ̀n kì í ṣe òdodo. A lè pín máàkì sórí ìbéèrè mẹ́ta tí ojú lè rí: níbo ni omi ti wá, ọ̀nà wo ni ó sì gbà? Ta ni ó ní agbára láti dá a dúró tàbí láti tú u sílẹ̀? Èé ṣe tí ó fi bá àwọn wọ̀nyí tí kò bá àwọn yẹn? Lẹ́yìn èyí, kí olùyẹ̀wò pa orúkọ ìlú rẹ́ kí ó sì tún ìdáhùn kà. Bí kò bá sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sí jọ́gíráfì níbẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Àwọn tí ń kọ ìjábọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ń pinnu ibi tí afárá yóò dé àti ilé tí a ó wó, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jẹ́ lánàá. Bí a bá ti kọ́ ọmọ pé pàǹtí àti ilé etí odò ni ìdí omíyalé níbi gbogbo, kò ní rí oògùn mìíràn ju kí a bá tálákà wí kí a sì wó ilé rẹ̀. Ẹni tí ó tú omi sílẹ̀ àti ẹni tí ó buwọ́ lu pláànù kò ní sí nínú ìjábọ̀ náà, nítorí pé wọn kò sí nínú ìdáhùn tí a fún ní máàkì kíkún. Nítorí náà, ọwọ́ àwa tí ń fúnni ní máàkì ni àtúnṣe yìí ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.