Olólùfẹ́ Òṣèré Níwájú Dùùrù: Keith Jarrett ní Köln

Olólùfẹ́ òṣèré a máa lọ sí agbo eré pẹ̀lú èrò pé ohun tí òun ti gbọ́ lórí àwo ni òun yóò tún gbọ́. Èrò yìí kò bá Keith Jarrett, ọmọ Amẹ́ríkà, mu. Ní òru ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 1975, òun nìkan ni ó tẹ dùùrù ní gbọ̀ngàn ọ́pẹ́rà ìlú Köln ní Jámánì, níwájú èrò tí ó lé ní 1,400, láìsí orin àkọsílẹ̀ kankan. Dùùrù tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ó béèrè fún: ohùn òkè rẹ̀ ha, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì rinlẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe fara mọ́ ohùn àárín, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń ṣe àwítúnwí. Àbùkù dùùrù náà wà lára ohun tí ó bí ẹwà eré náà. Bí apohùn ìjálá ti ń wo ojú agbo kí ó tó la ohùn, bẹ́ẹ̀ ni Jarrett wo ohun èlò rẹ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2018. Kò lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣeré mọ́. Ṣùgbọ́n bí onírèsé kò bá fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ọgbọ́n tí ó fi borí ìnira ni kí ó máa tẹ́tí sí nínú àwo náà, kì í ṣe adùn orin nìkan.