Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Mú Kọ̀ǹpútà Dákẹ́ Ní Ìgboro Àtijọ́ Ìbàdàn

Ariwo fáànù kọ̀ǹpútà kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, àmì àrùn ni, ìdí sì nìyí tí iṣẹ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Bẹẹrẹ dé Ọjàaba nílùú Ìbàdàn fi yẹ ní yíyìn. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, a sì dí àlàfo inú heatsink, èyíinì ni irin tó ń gba ooru lára processor tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì ráyè kọjá mọ́, fáànù a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kíkankíkan, a sì máa hó.

Oníṣẹ́ tó dáńtọ́ kì í kàn dín eré fáànù kù, nítorí processor tí ooru rẹ̀ bá súnmọ́ 100°C lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Yóò fi ìka kan di fáànù mú, kí atẹ́gùn tí yóò fi lé eruku má baà yí i ní àyíbàjẹ́; ìkíyèsára kékeré yìí níyì púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò nu thermal paste tó ti gbẹ, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara processor sára irin, yóò sì kán tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Bí àyè bá gbà, fáànù ńlá tó rọra ń yí ni wọ́n fi ń rọ́pò kékeré, nítorí bí eré fáànù kan bá dín sí ìdajì, ariwo rẹ̀ a fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 15, òṣùwọ̀n ariwo, lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òrùlé páànù ní àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà, fáànù kò lè mú kọ̀ǹpútà tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí náà ni wọ́n fi ń gba oníbàárà níyànjú pé kí ó ṣí fèrèsé, kí ó sì gbé àpótí kọ̀ǹpútà jìnnà sí ògiri.