Fáìlì Kékeré Inú LazyVim
Iṣẹ́ àwọn tó ṣe LazyVim wú mi lórí. Wọ́n ti to Neovim, ohun èlò tí a fi ń kọ kóòdù, sílẹ̀ dé ojú ẹ̀, kí ẹni tó ń kọ prógíráàmù n'Ìlaròó tàbí Ayétòrò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Á kó ètò àtijọ́ rẹ̀ pamọ́, á fi git fa ti LazyVim wọlé, á ṣí Neovim. Àwọn plugin, ìyẹn àfikún Neovim, á máa wọlé fúnra wọn. Àmọ́ fáìlì lazy-lock.json ni mo yìn jù. Inú rẹ̀ ni ẹ̀dà pàtó tí plugin kọ̀ọ̀kan jẹ́ wà lákọsílẹ̀. Bí ẹ̀dà tuntun bá da iṣẹ́ rú, ẹ dá fáìlì náà padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tẹ :Lazy restore, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi í sínú git, kí ti tẹ́lẹ̀ má bàa sọnù.